Kókò ni, kì í ṣe kòkó: ilẹ̀ tó yẹ kí a tẹ́ fún ìgbín

Ìbéèrè kan ló ń wá sọ́dọ̀ mi láti ọ̀nà mẹ́ta, mo sì rò pé ó yẹ kí n dá gbogbo yín lóhùn pọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni àwọn tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, tí wọ́n fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì wọn sin ìgbín níhìn-ín, ní Mọ́níyà àti ní àwọn abúlé Akínyẹlé. Ọ̀nà kejì ni àwọn tó wà ní ìlú ọba, tí ọmọ wọn ń sin ìgbín nínú àpótí bí ẹni ń sin ológbò. Ọ̀nà kẹta ni àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ wọn ra alángbá onírùngbọ̀n, èyí tí Òyìnbó ń pè ní bearded dragon. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: "Prof, kí ni ká tẹ́ sílẹ̀ fún un tí kò ní pa á?"

Ẹ lè ní kí ló kan onímọ̀ èdè nínú ọ̀rọ̀ ìgbín. Ó kàn án dáadáa. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Òjòó sí Mọ́níyà, tí ẹ kọjá iwájú IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ilé tí wọ́n ti ń sin nǹkan kò jìnnà síra wọn: adìẹ lọ́tùn-ún, ẹja lósì, ìgbín lẹ́yìnkùlé. Mo ń gbé láàárín wọn, etí mi kò sì di. Ohun tí mo gbọ́ ni pé púpọ̀ nínú àdánù tó ń bá àwọn olùsìn ìgbín, inú ọ̀rọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé inú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti inú ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́.

Ìtẹ́lẹ̀, ilẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀

Ohun tí a ń tẹ́ sábẹ́ ohun ọ̀sìn, ìtẹ́lẹ̀ ni màá pè é nínú àròkọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro: a tẹ́ nǹkan sí ilẹ̀, ó di ìtẹ́lẹ̀. "Tẹ́" yìí kan náà ni a gbọ́ nínú ìtẹ́ ẹyẹ. Ẹyẹ kì í sì í ṣèèṣì tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣà: koríko gbígbẹ, ìyẹ́, òwú. Kò sí ẹyẹ tó ń bi ẹyẹ mìíràn pé kí ni kí òun fi kọ́ ilé. Àwa tí a kó ẹ̀dá kúrò níbùgbé rẹ̀ ni a ní láti béèrè.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ méjì tí a máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: ilẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní erùpẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rọ ilẹ̀ sínú àpò. Iyẹ̀pẹ̀ ni a ń rọ sínú àpò. Ilẹ̀ wà níbi tó wà. Ó ní ìsàlẹ̀ tí omi ń sá lọ, ó ní ekòló tó ń tú u, ó ní gbòǹgbò tó ń fa ọ̀rinrin, ó ní ewé tó ń jábọ́ lé e lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí a bá fi ṣọ́bìrì gbé e, ó ti kúrò ní ilẹ̀, ó di iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ilẹ̀ ń fúnra rẹ̀ ṣe, ọrùn àwa tí a gbé e ni ó bọ́ sí.

Ìgbín inú igbó, bí ibì kan kò bá bá a lára mu, yóò fà kúrò níbẹ̀ ní òru. Ti inú àpótí kò ríbi fà lọ. Bí ìtẹ́lẹ̀ bá ṣe omi jù, inú omi ni yóò wà. Bí ó bá ní májèlé, orí májèlé ni yóò sùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìtẹ́lẹ̀ fi le ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Oúnjẹ tí kò dára, ìgbín lè má jẹ ẹ́. Ilẹ̀ tí kò dára, kò lè ṣe kó má wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́rin tí ilẹ̀ ń ṣe fún ìgbín

Àkọ́kọ́ ni omi. Kò sí ohun tó tutù bí ìgbín. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó máa pe omi inú rẹ̀ ní omi ẹ̀rọ̀. Awọ ara rẹ̀ kò ní ìpẹ́, kò ní irun, omi sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde. Láti ara ilẹ̀ ni ó ti ń gba ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rinrin tó ń lò. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ilẹ̀ gbẹ, ìgbín yóò wọ inú ìkarahun lọ, yóò fi nǹkan funfun kan dí ẹnu ọ̀nà, yóò sì sùn. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi ń sùn báyìí, kì í jẹ, kì í dàgbà, kì í yé. Ẹni tó jẹ́ kí ìtẹ́lẹ̀ gbẹ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, oṣù márùn-ún ni ó fi ń bọ́ ẹran tí kò dàgbà.

Èkejì ni ibi ìfarapamọ́. Òru ni ìgbín ń jáde. Ní ọ̀sán, ọ̀pọ̀ wọn a wà lábẹ́ ewé, òmíràn a rì sínú ilẹ̀ débi pé ẹ̀yìn ìkarahun nìkan ni ẹ ó máa rí. Ilẹ̀ tó le bí yangí kò jẹ́ kí wọ́n rì.

Ẹ̀kẹta ni ìkarahun. Nínú 100 ìwọ̀n ìkarahun, ó ju 95 lọ tó jẹ́ ohun kan náà tó wà nínú òkúta ẹfun àti èèpo ẹyin. Kálísíọ̀mù ni olórí rẹ̀. Ìgbín ń jẹ ẹ́ nínú ewé, ó sì ń jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá rí i, yóò máa ha ara ògiri símẹ́ńtì, yóò sì máa ha ìkarahun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìgbín lára ìgbín, tí ìkarahun èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ti di funfun, tó ní kòtò kéékèèké, ẹ má kàn pè é ní eré. Ebi kálísíọ̀mù lè wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ẹyin. Inú ilẹ̀ ni ìgbín ń yé sí. Èyí tó tóbi jù nínú ti ilẹ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata, ẹyin díẹ̀ tó tóbi ló ń yé, kì í sábà tó 20 lẹ́ẹ̀kan. Achatina achatina ní tirẹ̀ lè yé ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹyin a wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, títí dé ìgbà tó ju oṣù kan lọ, irú ìgbín ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Bí àwọn ọmọ bá pa tán, wọn kì í sáré jáde. Wọ́n ń dúró nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n sì ń jẹ èèpo ẹyin tí wọ́n ti inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ilẹ̀ tí a bá tẹ́ fún ìyá ni ilé àkọ́kọ́ ọmọ.

Ẹ fi iṣẹ́ mẹ́rin yìí sọ́kàn. Gbogbo ìmọ̀ràn tó kù, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn wá.

Amọ̀, iyanrìn àti ilẹ̀dú

Ilẹ̀ amọ̀ a máa di omi mú. Bí òjò bá rọ̀, a lẹ̀ mọ́ ìgbín lára, kò sì sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ tí ẹyin lè mí. Bí oòrùn bá mú un, a sán, a sì le bí ìkòkò. Iyanrìn ní tirẹ̀ kì í di omi mú rárá. Ẹ fi omi wọ́n ọn láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti gbẹ. Iyanrìn kíkan a sì máa ha ara ìgbín. Èyí tó dára ni ilẹ̀dú, ilẹ̀ dúdú tí ewé ti jẹrà sí, tí iyanrìn díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kó fúyẹ́.

"Iyẹ̀pẹ̀ dúdú ni, bàbá, ó dára gan-an ni." Ohun tí àwọn onítípà máa ń sọ fún wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbègbè wa kò ní irú ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ní 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, tẹ ìwé jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ìgbà náà, orúkọ ìlú wa ni wọ́n sì fi sọ ilẹ̀ tí wọ́n rí. Ilẹ̀ Ìwó wá láti ara òkúta tí hóró rẹ̀ tóbi, nítorí náà iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá wá láti ara òkúta tí hóró rẹ̀ kúnná, amọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti Ìwó lọ. Ilẹ̀ Àpòmù ni iyanrìn tí ọ̀gbàrá wọ́ sọ̀kalẹ̀ láti ara òkè. Láàárín orí òkè àti etí odò kan náà, ẹ lè bá ju irú kan lọ pàdé. Ẹni tó bá sọ pé "iyẹ̀pẹ̀ Ìbàdàn ni mo lò", kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín dá yín lóhùn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ fún un pọ̀. Bí kò bá mú ara wọn rárá, iyanrìn pọ̀ jù. Bí ó bá di òkìtì tó ń dán, tí ẹ lè fi mọ ère, amọ̀ pọ̀ jù. Bí ó bá di òkìtì, tó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, ẹ ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wá agolo kan, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ rọ iyẹ̀pẹ̀ sí i, kí ẹ da omi lé e. Omi gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ kí ó sì jáde nísàlẹ̀. Bí ó bá dúró sókè bí odò, ẹ má gbé e wọ ilé ìgbín. Bí amọ̀ bá pọ̀ díẹ̀, ẹ fi iyanrìn odò tí ẹ ti fọ̀ àti ewé jíjẹrà pò ó. Bí iyanrìn ló pọ̀, ewé jíjẹrà ni kí ẹ fi kún un.

Ohun kan tún wà: ilẹ̀ kì í kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ létè wa, ṣùgbọ́n ó ń kan. Ẹ fi èèpo ẹyin sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ ó rí i tó ń hó, tó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ kíkan ń ṣe sí ìkarahun nìyẹn, àfi pé kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n pH tó bá wà ní àyíká 7 ni ó bá ìgbín lára mu jù. Ẹ lè fi èèpo ẹyin tí ẹ ti sá, tí ẹ ti lọ̀ kúnná, tàbí ìkarahun ìgbín tí ẹ ti jẹ, tàbí òkúta ẹfun lílọ̀, pò mọ́ ìtẹ́lẹ̀ náà. Ó ń pa kíkan ilẹ̀, ó sì ń di oúnjẹ ìkarahun.

Kókò àti kòkó

Mo dé ibi tí mo ń lọ wàyí. Ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ tí kókò, ẹ̀fọ́ àti tòmátò bá ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀, ìgbín yóò ṣe dáadáa lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn gidi ni. Kókò, èyí tí a ń fi ewé rẹ̀ bọ́ ìgbín, tí a sì ń jẹ iṣu rẹ̀, fẹ́ ilẹ̀ tó fúyẹ́, tó lọ́ràá, tó ní ọ̀rinrin. Ohun tí ìgbín ń fẹ́ nìyẹn gan-an.

Ẹ wá kọ ọ́ sórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i, bí gbogbo ayé ti ń kọ ọ́ nísinsìnyí: "Lo ko ilẹ koko." Kókò ni, àbí kòkó ni, àbí kókó, àbí kòkò? Lẹ́tà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Kòkò ni ti ìdáná, kókó ni ti okùn àti ti ọ̀rọ̀, àwọn wọ̀nyẹn kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kókò àti kòkó, oko ni a ti ń rí àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni òǹkàwé yóò gba oko kòkó lọ tòun ti àpò àti ṣọ́bìrì.

Ní òótọ́, ẹni tó gba ibẹ̀ lọ kò ya wèrè. Ìgbín pọ̀ lábẹ́ kòkó láyé àtijọ́. Ibòji wà níbẹ̀, ewé jíjẹrà wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ojú lásán á sọ pé kò sí ìtẹ́lẹ̀ tó dára jù ú lọ. Ohun tí ojú kò rí ni oògùn.

Àrùn kan ń bá èso kòkó jà nígbà òjò, tó ń sọ ọ́ di dúdú lórí igi. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fi oògùn tó ní bàbà nínú fín in. Ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti gba orúkọ: ní 1885 ni Millardet kéde pé tí a bá po iyọ̀ bàbà aláwọ̀ búlúù mọ́ ẹfun àti omi, ó ń gba èso àjàrà lọ́wọ́ àrùn. Ó gba kòkó náà lọ́wọ́ àrùn, ẹ má jẹ́ ká bú u. Ṣùgbọ́n bàbà kì í jẹrà. Ohun tí a bá fín sórí igi, òjò á fọ̀ ọ́ sílẹ̀, òkè ilẹ̀ ni yóò sì dúró sí, nínú ewé àti ilẹ̀dú gan-an tí a fẹ́ fi ṣọ́bìrì kó. Oko tí wọ́n fín fún ọdún púpọ̀ lè ti di igbó báyìí, kí bàbà ṣì wà níbẹ̀.

Bàbà kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ìgbín. Iyọ̀ bàbà yìí kan náà ni wọ́n lò nínú omi láti pa ìgbín odò tó ń gbé àìsàn títọ̀ ẹ̀jẹ̀ kiri. Ní òkè òkun, àwọn tó ní oko ọsàn máa ń fi páànù bàbà yí ìdí igi ká kí ìgbín má bàa gùn ún. Ohun tí wọ́n fi ń lé e lọ́hùn-ún, ẹ má lọ fi ṣe ibùsùn rẹ̀ níhìn-ín.

Àwọn oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí kòkó tún wà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní oko ò ní gbàgbé Gàmálìn. Oògùn inú rẹ̀ a máa pẹ́ nínú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí kòkó: oko àgbàdo tí wọ́n ń fi oògùn apakoríko tọ́jú, ẹ̀gbẹ́ ilé mẹkáníìkì tí epo ọkọ̀ ti rin ín, ibi tí wọ́n ti ń da omi iyọ̀ nù, gbogbo wọn ni kí ẹ yẹra fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ká tó béèrè pé "irú ilẹ̀ wo ni?", ká kọ́kọ́ béèrè pé "níbo ni ilẹ̀ yìí ti wá, kí ni wọ́n sì ti ṣe lórí rẹ̀?" Ẹ bi ẹni tó ni oko. Bí kò bá lè sọ ohun tí wọ́n ti fín síbẹ̀, ẹ lọ wá ibòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ra odidi típà kan lè kọ́kọ́ gbé díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní IITA pẹ̀lú. Owó àyẹ̀wò kò tó owó ìgbín.

Lọ́nà mìíràn, ẹ lè dán an wò pẹ̀lú sùúrù. Ẹ fi ìgbín mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí iyẹ̀pẹ̀ tuntun náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó kó 200 lé e. Bí gbogbo wọn bá ń gun ògiri, tí wọn kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tàbí tí wọ́n wọ inú ìkarahun tí wọn kò jáde bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rinrin wà, ẹ gbà pé wọ́n ti fèsì.

Kí iyẹ̀pẹ̀ tó wọlé, àti lẹ́yìn tó bá wọlé

Iyẹ̀pẹ̀ tí a kó láti oko ń gbé àlejò wá: èèrà, ikán, kòkòrò wẹ́wẹ́, ẹyin oríṣiríṣi. Èyí tó burú jù ni ìjàlọ, tí ó lè pa ilé ìgbín run ní òru kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń yan iyẹ̀pẹ̀ nínú agbada tàbí lórí páànù títí tí yóò fi gbóná dáadáa, wọn á jẹ́ kó tutù pátápátá, wọn á wá fi omi wọ́n ọn. Fún àpótí kékeré, ó rọrùn. Fún ilé ńlá, ẹ sá a sí oòrùn gbígbóná lórí ọ̀rá dúdú fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ máa yí i. Ẹ má fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀, nítorí ohun tó pa èèrà kò ní bi ìgbín léèrè orúkọ.

Kí ìtẹ́lẹ̀ náà jìn tó 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà níbi tí àwọn àgbà ìgbín bá wà, kí wọ́n lè rì, kí wọ́n sì lè yé. Kí ìsàlẹ̀ ilé náà ní ihò tí omi ń gbà jáde. Ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó lókè. Ẹ máa wọ́n omi sí i nírọ̀lẹ́, kí ó tutù bí aṣọ tí a fún, kì í ṣe bí aṣọ tó ṣì wà nínú omi. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i pé kí ó lè lọ́ràá. Ooru àti òórùn tó ń ti ara rẹ̀ jáde ń pa ìgbín lára.

Ìgbẹ́ ìgbín àti oúnjẹ tó bàjẹ́ yóò sọ ìtẹ́lẹ̀ di ẹlẹ́gbin bó ti wù kó dára tó. Ẹ máa kó èyí tó wà lókè kúrò, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ yọ ẹyin sọ́tọ̀ kí ẹ tó dà á nù o! Iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ náà kò ṣòfò, inú ọgbà ẹ̀fọ́ ni kí ẹ dà á sí.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Ní ìlú ọba, kò sí òfin tó ní kí ẹ má sin ìgbín ilẹ̀ wa nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ jù ú sígbó. Ẹ má bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ kò mọ oògùn tí ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú yín fi pa ìgbín ọgbà rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún òdòdó, ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa: bí wọ́n bá ti po ajílẹ̀ tàbí oògùn mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi èèhọ́n èèpo àgbọn lílọ̀ ṣe ni ó rọrùn jù, nítorí kò kan bíi ti inú irà, ó sì ń di ọ̀rinrin mú. Ṣùgbọ́n kò ní kálísíọ̀mù, ẹ fi èèpo ẹyin lílọ̀ sí i. Ẹyin tí ẹ kò fẹ́ kó pa, ẹ fi sínú fíríìsà kí ẹ tó dà á nù.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹ sin ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà láìgba àṣẹ. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa. Ní 1966, ọmọdékùnrin kan kó mẹ́ta wọ Miami láti Hawaii, wọ́n sì tú wọn sínú ọgbà. Kí wọ́n tó rí gbogbo rẹ̀ kó, ó ti lé ní 18,000, iṣẹ́ náà sì gbà tó ọdún mẹ́wàá. Wọ́n tún bá a níbẹ̀ ní 2011, ó di 2021 kí wọ́n tó ní ó ti tán níbẹ̀.

Alángbá onírùngbọ̀n ni kí a wá sọ. Ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tó gbẹ, tí oòrùn ń mú, ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ tútù tí mo ń yìn láti òwúrọ̀ yìí, àìsàn ni yóò fún un. Nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀, ìfarapamọ́ àti ẹyin nìkan ni ó bá ìgbín pín, abo rẹ̀ sì nílò ibi tó lè gbẹ́ láti yé. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù ni ẹnu rẹ̀. Ó ń fi ahọ́n mú oúnjẹ nílẹ̀, ohun tó bá wà nílẹ̀ ni yóò sì bá oúnjẹ wọnú. Bí ara rẹ̀ kò bá gbóná tó, tí kò mu omi tó, ìfun rẹ̀ lè dí. Iyanrìn tí wọ́n fi kálísíọ̀mù ṣe, èèpo èso líle tí wọ́n lọ̀, ṣùkù àgbàdo lílọ̀, ẹ má lò wọ́n, ohunkóhun tí ọ̀rá rẹ̀ ìbáà wí. Fún ọmọ rẹ̀, bébà tàbí táìlì tí kò yọ̀ ti tó. Fún àgbà rẹ̀, bí iná tó ń fún un lóoru bá péye, ilẹ̀ àti iyanrìn tí ẹ pò, tí ẹ sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó le, sún mọ́ ilé rẹ̀ gidi.

Àwọn tó ń sin adìẹ níhìn-ín mọ ọ̀rọ̀ yìí láìka ìwé. Ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n rọ sínú àpò ní Bódìjà dára fún àgbà adìẹ, ṣùgbọ́n òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rò pé oúnjẹ ni, kó ṣà á jẹ, kó sì dí i lófun. Nítorí náà wọ́n ń fi bébà bò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Bí bébà náà bá sì ń yọ̀, ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ á ya sọ́tùn-ún sósì, kò sì ní lè dìde mọ́. Ìtẹ́lẹ̀ kan, ẹran kan, ọjọ́ orí méjì, ìdáhùn méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan lọ, ẹ mú èyí: ká tó tẹ́ nǹkan sílẹ̀ fún ẹ̀dá, ká béèrè bó ṣe ń mu omi, ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe nílẹ̀, ibi tó ń sùn, ibi tó ń yé sí, àti ibi tí iyẹ̀pẹ̀ náà ti sùn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìmọ̀ràn náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí fóònù, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹ ti mọ̀ pé mo ti ń sọ ọ́ fún yín láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kókò ni kí ẹ kọ.

Ó dàbọ̀ o.